Ìlérí Kan Tó Di Odidi Géèmù: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lára Team Cherry

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù, irú kọ̀ǹpútà tó yẹ kí ẹ rà lẹ máa ń bi mí jù. Ìyẹn kò le. Ọ̀rọ̀ ìlérí ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí òun ló gba ọdún kan àbọ̀ lọ́wọ́ èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì.

Oníbàárà kan gbéṣẹ́ fún wa pé ká ṣe géèmù ayò sórí fóònù. Ayò lásán ló béèrè, kí èèyàn máa bá fóònù rẹ̀ ta á. Àwa la la ẹnu wa sọ pé a ó ṣe é débi tí ẹni tó wà ní Ìbàdàn á fi lè bá ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ta á. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò fi kọ́bọ̀ kún owó. Iṣẹ́ oṣù mẹ́rin di ti oṣù 18. Kó tó parí, ọ̀kan nínú wa ti gba iṣẹ́ báńkì lọ, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Àsìkò yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ìtàn Team Cherry, àwọn tó ṣe géèmù Hollow Knight nílùú Adelaide ní Ọsirélíà. Ari Gibson tó jẹ́ ayàwòrán àti William Pellen ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 2013, wọ́n kópa nínú Ludum Dare, ìdíje tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta péré láti ṣe géèmù kan parí. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni àkòrí lọ́tẹ̀ yẹn, ni wọ́n bá ṣe Hungry Knight, jagunjagun kékeré kan tí ebi máa pa kú bí kò bá tètè rí nǹkan jẹ. Nígbà tó yá, àkòrí mìíràn tún dé: ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Wọn ò rí tiwọn ṣe tán kí ìdíje tó kásẹ̀ ńlẹ̀. Mo fẹ́ràn ibi yìí nínú ìtàn wọn ju ibi tí owó ti wọlé lọ. Ìdíje ti kọjá, wọn ò sì ju èrò náà nù. Inú rẹ̀ ni ìlú àwọn kòkòrò tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ nínú Hollow Knight ti jáde wá.

Ní ìparí 2014, wọ́n lọ sórí Kickstarter, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń dá owó fún iṣẹ́ tí wọn ò tíì ṣe parí, wọ́n béèrè 35,000 dọ́là Ọsirélíà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ohun tí wọ́n rí lé ní 57,000, láti ọwọ́ àwọn tó lé ní 2,000. Bí owó ṣe ń lé ni wọ́n ń fi ìlérí kún ìlérí. Géèmù náà jáde ní February 2017, wọ́n sì ń san gbèsè ìlérí náà díẹ̀díẹ̀ títí di August 2018. Wọn ò gba owó mìíràn lọ́wọ́ ẹni tó ti rà á.

Ó wá ku ìlérí kan: pé èèyàn á lè fi Hornet, ẹ̀dá mìíràn nínú géèmù náà, ṣeré dípò jagunjagun àkọ́kọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Létí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa, àwòrán ẹ̀dá kan la fẹ́ pààrọ̀, ká sì máa lọ. Ṣùgbọ́n Hornet ga ju jagunjagun lọ, ó yára jù ú lọ, ó sì ń fò jìnnà. Ihò tó gba jagunjagun há mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fẹ ihò náà, ọ̀tá tó ń bẹ níbẹ̀ ò lè lé e bá mọ́; ọ̀tá gbọ́dọ̀ yára, kó sì gbọ́n sí i. Ọwọ́ ni Gibson sì fi ń ya wọn, bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń ṣubú, bí wọ́n ṣe ń kú. Ní February 2019, wọ́n kéde pé ó ti tóbi ju àfikún lọ, ó ti di géèmù tirẹ̀, Hollow Knight: Silksong. September 4, 2025 ló tó jáde.

Àwọn kan nínú yín ti sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, Team Cherry ò kánjú, èmi náà ò ní í kánjú." Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Hollow Knight ti tà ju mílíọ̀nù lọ́nà mẹ́wàá lọ kí Silksong tó jáde, àwọn tó ń pín owó náà ò sì pọ̀. Owó yẹn ló ra ọdún wọ̀nyẹn fún wọn. Géèmù wo ni tiyín ti tà? Ta ni yóò máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ yín fún ọdún méje?

Ní báyìí, kí n tó sọ fún oníbàárà pé "a ó fi kún un", mo máa ń jókòó ti bébà, màá ka àwòrán tí nǹkan náà máa fẹ́, màá ka ibi tí a ó tún kọ́, màá kọ orúkọ ẹni tó máa ṣe é sí i. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ayò ọjọ́sí ni, ǹ bá ti rí i ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé ìbéèrè kan ń dúró dè wá: bí dátà ẹnì kan bá tán nígbà tí ọmọ ayò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló jẹ? Ọ̀sẹ̀ méje la fi wá ìdáhùn sí i. Oníbàárà ò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa rí.