Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀ Yọjú Nílé Ìjọsìn

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ ẹ̀sìn tí àwọn èèyàn ń ṣe káàkiri ayé, ìwé ló sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Á ti kà á pé òfin 613 ni àwọn Júù kà sínú Tórà, ìwé òfin Mósè. Á ti mọ̀ pé ojú ewé 1,430 ni Guru Granth Sahib, ìwé mímọ́ àwọn Síìkì, ẹlẹ́sìn kan láti Íńdíà. Á ti kọ ìbéèrè mẹ́rìnlá sílẹ̀ lórí ikú, àtúnwá àti ìṣẹ̀dá. Lọ́jọ́ tó dé ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ikú. Wọ́n ní kó bọ́ bàtà. Ó bọ́ ọ, ni àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún bá yọjú látinú ìbọ̀sẹ̀, ó ń kí gbogbo ìjọ.

Ìmúra orí kún, ti ẹsẹ̀ ṣófo. Mọ́sáláṣí, gurdwara àwọn Síìkì, tẹ́ńpìlì Híńdù, gbọ̀ngàn Búdà tó pọ̀ jù lọ: kò sí èyí tí wọ́n ń wọ bàtà wọ̀. Nítorí náà, ìbọ̀sẹ̀ ni kéèyàn kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó yẹ ìwé wò, bàtà tí kò lókùn ló sì dára jù, torí èrò máa ń wà lẹ́yìn ẹni tó ń tú okùn. Kó so bàtà méjèèjì pọ̀ sínú ọ̀rá kan. Bàtà dúdú tó wà lórí pẹpẹ bàtà lọ́jọ́ Jímọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ jáde ló máa ń rí èyí tó bá a lẹ́sẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àtàǹpàkò. Akẹ́kọ̀ọ́ wa jókòó sílẹ̀ ní gurdwara, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ kí ihò má bàa hàn. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, orúnkún ní òun ò gbà mọ́. Ó na ẹsẹ̀ síwájú gbalaja. Nínú gbogbo ohun téèyàn lè ṣe nínú gbọ̀ngàn yẹn, èyí gan-an ni kò yẹ. Láti ọdún 1708 ni àwọn Síìkì ti gba ìwé mímọ́ náà gẹ́gẹ́ bí Guru, ìyẹn olùkọ́ wọn, tó wà láàyè. Orí ìtẹ́ ló wà lábẹ́ ìbòrí aṣọ, wọ́n sì ń fi ìrùkẹ̀rẹ̀ fẹ́ ẹ bí ọba. Ẹni tó bá na ẹsẹ̀ sí i, ojú àgbà ló nà án sí. Bàbá kan fọwọ́ kàn án léjìká jẹ́jẹ́. Ojú tì í, ó ká ẹsẹ̀ ọ̀tún kò, ó sì na ti òsì.

Ti fìlà náà kò rọrùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin á ṣí fìlà. Ní sínágọ́gù, ọkùnrin á dé e. Agbọ̀n fìlà pẹlẹbẹ kéékèèké sábà máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà fún àlejò. Ní gurdwara, tọkùnrin tobìnrin ló ń bo orí. Àlejò wa fi ẹ̀kọ́ ilé ṣí fìlà bó ṣe ń wọ sínágọ́gù, wọ́n dé e padà fún un. Ó rò pé àwàdà ni, ó tún ṣí i.

Àárọ̀ Sátidé ni. Ó jókòó, ó ṣí ìwé àdúrà láti apá òsì, ó rí i pé ìparí ìwé ló wà, inú rẹ̀ dùn pé ìsìn ti ń parí lọ. Ìwé Hébérù, apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń ṣí i. Ó wá yọ gègé àti ìwé pélébé kó lè ṣàkọsílẹ̀. Ojú gbogbo yí sí i. Iṣẹ́ 39 ni òfin kà léèwọ̀ lọ́jọ́ Sábáàtì, ìwé kíkọ wà lára wọn, lẹ́tà méjì péré sì ti tó láti di ẹ̀bi. Òun ti kọ déètì. Ó ní kò burú, ó gbé gègé pamọ́, ó yọ fóònù. Nínú ìjọ tó bá di òfin yẹn mú ṣinṣin, èèwọ̀ ni fóònù náà. Orí ni kéèyàn fi ṣàkọsílẹ̀ níbẹ̀, kó tó kọ ọ́ sínú ìwé nílé.

Ó dáa tó ti dákẹ́ níbẹ̀, torí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, kò dákẹ́. Kútúbà, ìwàásù ọjọ́ Jímọ̀, ń lọ ní mọ́sáláṣí, ó bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ni ìmáàmù sọ. Ẹni náà kò lè dáhùn. Kò tiẹ̀ lè sọ pé "dákẹ́", torí hádíìsì, ọ̀rọ̀ Ànábì, sọ pé ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìmáàmù ń wàásù ti sọ ọ̀rọ̀ asán. Ojú ló fi ń bẹ̀ ẹ́. Àlejò rò pé kò gbọ́ ni, ó tún un bi, ó gbé ohùn sókè díẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún àlejò ni pé kó máa wo ẹni iwájú rẹ̀. Ìmọ̀ràn gidi ni, àmọ́ ìlà àkọ́kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ wa jókòó sí nígbà Máàsì Kátólíìkì. Ta ló fẹ́ wò? Ìgbà tó bá gbọ́ gìrìgìrì lẹ́yìn ni yóò tó mọ̀ pé wọ́n ti dìde. Bó bá máa fi nàró, wọ́n ti kúnlẹ̀. Ìlà kẹta tàbí ìkẹrin láti ẹ̀yìn ni ibi àlejò. Nígbà tó yá, ó rí ìlà èèyàn, ó tò sí i, kò mọ ibi tó ń lọ.

"Ara Kristi," ni àlùfáà wí.

"Rárá o, fada, àlejò ni mí."

Ẹni tí kì í ṣe Kátólíìkì lè jókòó síbi tó wà. Níbi púpọ̀, ó tún lè tò, kó pa apá méjèèjì lé àyà, àlùfáà á kàn súre fún un.

Lọ́dọ̀ àwọn Zen, ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà tó ń jókòó ṣàṣàrò, dídákẹ́ kò ṣòro, ẹsẹ̀ ló ṣòro. Tìmùtìmù róbótó wà nílẹ̀. Etí iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, kí ìdí ga ju orúnkún, kí orúnkún méjèèjì sì kan ilẹ̀. Òun jókòó sí àárín rẹ̀ bí ẹni jókòó sórí àga. Iṣan di títẹ̀, ẹsẹ̀ kú. Agogo dún pé kí wọ́n dìde rìn, ó fò dìde, ẹsẹ̀ kò bá a dìde. Ẹni méjì ló dì mú kó tó kan ilẹ̀.

Oúnjẹ ló gbẹ̀yìn, ní gurdwara níbi tó ti na ẹsẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní karah parshad, ìyẹ̀fun, òrí màlúù àti ṣúgà ní ìwọ̀n kan náà, tí wọ́n fi omi rò pọ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n ń tẹ́ gbà á. Ọ̀tún nìkan ló nà, torí ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní tẹ́ńpìlì Híńdù nìyẹn. Ní langar, oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún gbogbo àlejò, ó ti kà á pé kò dáa kéèyàn ṣẹ́ oúnjẹ kù, ló bá jẹ ẹ́ tán pátá. Abọ́ tó ṣófo, ojú ẹni tó ń pín oúnjẹ ló ń pè. Wọ́n bù sí i. Ó tún jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún bù sí i. Ọwọ́ ni wọ́n ń fi bo abọ́ nígbà tó bá ku òkèlè kan. Abọ́ kẹrin ló tó rí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ bó ṣe ṣe é.

Ó fara ti ògiri níta, ó ń fi ọwọ́ kan di ikùn mú, ó ń fi èkejì wá bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ òsì náà ti lu.