Ọdún tí a wọn ìgúnpá Màmá

Ọdún 2025 ku ọjọ́ díẹ̀ kó parí. Inú kíṣìnì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ èyí, lórí àga tí Màmá mi máa ń jókòó lé. Lọ́dọọdún ni mo máa ń ṣírò ohun tí Ọlọ́run bá mi ṣe àti ibi tí mo ti kùnà. Tọdún yìí, gbogbo ìṣirò náà kò kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo yìí.

Ikán ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Lóṣù Kìíní, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì láti mú ọṣẹ, ìlẹ̀kùn ẹ̀ bá mi lọ́wọ́ wá. Pákó inú ẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Oríkèé páìpù ti ń jò láti ìgbà tí a kò mọ̀, ó ti rin pákó gbingbin, ibi tó bá sì tutù tó ṣókùnkùn báyẹn, ikán kì í pẹ́ débẹ̀. Ọkọ mi fi ìka ti ògiri ẹ̀yìn ibẹ̀, sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ wẹ́wẹ́ bí èérún búrẹ́dì. Owó tí a ti tọ́jú láti fi kun ilé la gbé kalẹ̀ fún kíṣìnì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bíríkìlà dá fún wa. Oṣù Kẹta ni wọ́n wó o. Oṣù Kẹsàn-án la tó dáná nínú ẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì gbé inú ilé tí wọ́n ń tún ṣe kò lè mọ ohun tó ń jẹ́ eruku. A fi ọ̀rá di ẹnu ọ̀nà yàrá, a tún ta aṣọ fèrèsé àtijọ́ bò ó, síbẹ̀ bí mo bá ṣí Bíbélì lálẹ́, màá kọ́kọ́ fẹ́ eruku kúrò lójú ìwé kí n tó kà á. Eruku wọ gààrí. Ìdí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé la ti ń fọ abọ́. Gbogbo ohun ìdáná wà nínú páálí ní pálọ̀; ṣíbí tí mo bá wá láàárọ̀, ó di alẹ́ kí n tó rí i. Kò sí ìjà tí èmi àti ọkọ mi jà lọ́dún yìí tí kò ní eruku nínú. Mo ti bẹ̀ ẹ́, òun náà ti bẹ̀ mí.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn la gbé sítóòfù sí, pẹ̀lú tábìlì kan tí àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Ọ̀rọ̀ tábìlì yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Màmá mi pé ẹni ọdún 75 lọ́dún yìí, ọdún kẹrin tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa nìyí. Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n bá sè, ilé kejì á gbọ́ òórùn ẹ̀, ilé kẹta á rán ọmọ wá. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́ta, wọn kò rin ewùrà mọ́. Bí mo bá ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká se ìkọ́kọrẹ́," wọ́n á ní, "Se ìrẹsì, ó ti tó." A gbà pé ọjọ́ orí ni, pé ó ti sú wọn.

Lọ́jọ́ kan lóṣù Kẹrin, mo ti ọjà dé, mo gbọ́ ìró kan láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: fùrù, fùrù, fùrù. Mo ti mọ ohun tó ń dún kí n tó débẹ̀. Màmá jókòó sórí àga, wọ́n fa tábìlì àwọn ọmọ mọ́ra, wọ́n fi ìrin ti etí abọ́ ńlá, ewùrà wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Apá wọn ń lọ, ó ń bọ̀, èjìká kò mira. Ewùrà funfun náà ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ sínú abọ́, díẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́. Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Iyọ̀ dà?" ni wọ́n bi mí.

Nígbà tí a jẹun tán ni mo tó lè béèrè. Wọ́n ní sílábù kíṣìnì wa ga jù fún àwọn. Bí wọ́n bá dúró tì í, àfi kí wọ́n gbé èjìká sókè, ọrùn á sì máa dùn wọ́n di ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá jókòó sórí àpótí nílẹ̀ bíi tàtijọ́, orúnkún kì í jẹ́ kí wọ́n dìde mọ́ láìdi ògiri mú. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ. Wọ́n ní, "Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń ráhùn nílé ọkọ ẹ."

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ọdún mẹ́ta gbáko, nínú ilé tí èmi ọmọ wọn wà! Ohun tó dùn mí jù lọ lọ́dún yìí nìyẹn, ó ju owó lọ, ó ju eruku lọ.

Mo yá tépù bíríkìlà. Tábìlì àwọn ọmọ jẹ́ ínǹṣì 29. Sílábù tuntun tí wọ́n ti da kọ́ńkéré ẹ̀ lọ́jọ́ márùn-ún ṣáájú jẹ́ ínǹṣì 36. Mo ní kí Màmá dúró, kí wọ́n ká apá kò; láti ilẹ̀ dé ìgúnpá, ínǹṣì 36 géérégé. Ibi tí èèyàn ti ń gé nǹkan yẹ kó rẹlẹ̀ sí ìgúnpá ẹ̀ ní bí ínǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin, kí apá lè sọ̀, kí èjìká lè sinmi. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yẹn ló ti mọ́ àwọn bíríkìlà lọ́wọ́. Ó bá èmi mu, mo ga. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló máa lò ó. Èmi tí mo sanwó gan-an ò béèrè.

Bíríkìlà ní, "Mọ́mì, kọ́ńkéré yìí ti mú o, irin wà nínú ẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Kọ́ńkéré a máa le sí i lójoojúmọ́, ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń díwọ̀n agbára ẹ̀, àwa fúnra wa la sì ń bu omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ kó má bàa sán. Mo ní kó wó o, láti ojú fèrèsé dé igun ògiri, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ọjọ́ méjì ló fi lu ú. Wọ́n tún òmíràn dà síbẹ̀ ní ínǹṣì 29, wọn kò to búlọ́ọ̀kù sí iwájú ẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè ráyè wọlé, kí Màmá lè fa àga sún mọ́ ọn. Ọkọ mi béèrè iye tó máa ná wa, ó dákẹ́. Ó gbé owó náà fún mi kó tó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ti káfíńtà, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Ó gba ìdajì owó lóṣù Karùn-ún, ọ̀sẹ̀ méje ló fi ń sọ pé òun ti wà lọ́nà. Mo gbé ìbínú ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún gbé e bọ̀. Ìgbà tó yá, a fi búlọ́ọ̀kù àti táìsì ṣe abẹ́ síǹkì. Ikán kò ní rí nǹkan jẹ níbẹ̀ mọ́.

Àárín ìyẹn ni Iléyá bọ́ sí, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà. Ojúde Ọba di ọjọ́ 8. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó fẹ́ Mùsùlùmí, kó àwọn régbérégbé ẹ̀, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ẹ̀, wá láti Èkó, aṣọ wọn ń dán, gèlè wọn ga, kò sì sí kíṣìnì. A gbé àdògán mẹ́ta sẹ́yìnkùlé. Màmá wà nídìí tábìlì wọn. Wọ́n fi iyọ̀ po ewùrà, wọ́n ń fi ọwọ́ bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ ata, epo àti ẹja gbígbẹ tó ń hó, wọ́n sì kìlọ̀ fún mi kí n má fọwọ́ kan ṣíbí títí á fi dì. Wọ́n ń kì wá bí wọ́n ṣe ń bù ú: ọmọ Aláre, ọmọ Awùjalẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu wọn.

Lọ́jọ́ 13 oṣù Keje, Awùjalẹ̀ wa, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, wàjà. Ọmọ ọdún 10 ni Màmá nígbà tí Kábíyèsí gorí ìtẹ́ ní 1960. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé e, wọn ò rin nǹkan kan, wọn ò gé nǹkan kan. Mo jókòó tì wọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ táìsì nílé wa lọ́sẹ̀ náà.

Lóṣù Kẹjọ, táìsì ti délẹ̀ tán, ògiri tún bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eéje lọ. Púlọ́ḿbà kò tíì fi omi dán páìpù wò tí wọ́n fi bo ògiri pa. Táìsì mẹ́fà la fọ́, irú ẹ̀ sì ti tán lọ́jà. Èyí tí a rà dípò ẹ̀ fi díẹ̀ pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe tiyín lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí omi kún páìpù mọ́jú kí ẹ tó bò ó, ẹ sì fi páálí táìsì kan pamọ́. Sílíńdà gáàsì wa náà ti kúrò lábẹ́ sílábù, ó ti wà níta. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá mọ́ bó bá jò, kò ní gba ojú fèrèsé jáde fúnra ẹ̀. Nígbà tí mo rántí iye ọdún tó fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, mo dúpẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Owó àjọ tí mo kó ṣì wà lọ́rùn mi, oṣù Kẹta ni màá san án tán. Ilé kò tíì rí ọ̀dà.

Ewùrà méjì wà lórí sílábù kékeré bí mo ṣe ń kọ èyí. Màmá ti gé díẹ̀ lára ọ̀kan wò, wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ti ń pè mí láti pálọ̀ pé kí n dìde lórí àga àwọn.