Náírà mọ́kàndínlógún: ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn tí mo fi fásitì sílẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ fásitì tí ẹ ń kọ kóòdù lóru, tí ẹ ń ronú pé ẹ ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ máa ṣe iṣẹ́ àdáni, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ohun tó lé wa débẹ̀ fún yín. Ẹ wà níbẹ̀ ní 14 oṣù Èrèlé 2022 tí ASUU, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ fásitì, gùn lé ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n kọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni, tó wá di 14 oṣù Ọ̀wàrà kí wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí kí èèyàn máa wo fóònù ní òpin oṣù, kó jẹ́ àwọn tó ń ta dátà nìkan ni yóò máa fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ náírà mọ́kàndínlógún ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀kọ́ inú ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó ń jẹ mí lẹ́nu ju ìyókù lọ, màá sì máa padà sí i. Ẹ má bínú.

Físíìsì ni mo kà. Ìwádìí mi dá lórí bí òjò ṣe ń dí ìgbì rédíò lọ́wọ́, ohun tó ń mú kí àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n onísátẹ́láìtì yín máa já nígbà tí òjò bá ń rọ̀ kíkan. Ọdún méje ni mo fi gba PhD, Python, èdè kan tí a fi ń kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, ni mo sì fi ṣe gbogbo ìṣirò rẹ̀. Èmi nìkan ló ń lo kóòdù náà. Tó bá kọṣẹ́ lóru, èmi nìkan ni mo mọ ibi tí màá fọwọ́ kàn. Nígbà ìyanṣẹ́lódì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìṣirò iṣẹ́ ìwádìí wọn, mo bá ilé-ìwé kékeré kan ṣe wẹ́ẹ̀bù, owó díẹ̀díẹ̀ ń wọlé. Nígbà tó di oṣù Ẹrẹ́nà 2023, mo kọ lẹ́tà, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni màámi ò fi gbé fóònù mi.

Ní oṣù Ẹ̀bìbì, ẹnì kan mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ọlọ́jà kan n'Íbàdàn. Ọmọ ẹgbẹ́ wọn lé ní ọ̀ọ́dúnrún, inú léjà ni gbogbo àkọsílẹ̀ owó wọn wà, léjà ńláńlá. Wọ́n fẹ́ kó wà lórí kọ̀ǹpútà. Alága wọn bi mí pé èló ni. Mo ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ó lé àádọ́ta náírà. Ó ní, "Kò sí wàhálà, Dókítà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ná." (Ẹ dárí jì mí tí mo bá ń pè é ní "ó" dípò "wọ́n". Ó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi.)

Mo bẹ̀rẹ̀ ná. Ojú ń tì mí láti béèrè owó, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ní fásitì, kò sẹ́ni tó ń sọ pé "ẹ fún mi lówó mi kí n tó wọ kíláàsì." Owó oṣù ìbáà pẹ́, ìbáà má pé, ibì kan ló ti ń bọ̀, ìwọ kọ́ lo máa na ọwọ́. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Dókítà, báwo ló ṣe máa wá dúró níwájú ọlọ́jà kó máa ní "ẹ fún mi ní ìdajì"? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Ìrònú òmùgọ̀ ni.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, iṣẹ́ náà ń wú bí àkàrà nínú epo. Ìfowópamọ́ nìkan ni a jọ sọ. Lẹ́yìn náà ó di ìfowópamọ́ àti owó yíyá. Lẹ́yìn náà ó ní kó máa fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí ẹni tí kò bá dá owó pa dà. Lẹ́yìn náà ó rántí àga àti kánópì tí ẹgbẹ́ ń yá àwọn aláyẹyẹ, pé kí n fi ìyẹn náà sí i, "ohun kékeré ni." Dọ́là ni mo fi ń san owó server, kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí iṣẹ́ náà ń gbé, láti àpò ara mi. Ní oṣù Òkúdù 2023, wọ́n tú náírà sílẹ̀ pé kó máa wá iye ara rẹ̀, ẹ sì mọ ohun tó wá. Gbogbo ohun tí alága ti fún mi títí di ìgbà náà ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà, "owó ọkọ̀".

Ó wá kan ìpàdé ọdọọdún, Sátidé kan nínú oṣù Ọ̀pẹ.

Ìpàdé yẹn ni wọ́n ti máa ń pín èrè. Lọ́dún náà, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí kálukú ní nílẹ̀ ni èrè rẹ̀, wọn kì í sì í san kọ́bọ̀, náírà gbáko ni. Mo ti tẹ ìwé pélébé fún oníkálukú, orúkọ rẹ̀, owó rẹ̀, èrè rẹ̀. Ó dùn ún wò. Wọ́n pín in kiri bí ìgbà tí wọ́n ń pín míníràlì.

Màmá kan tó ń ta ata gígún ní 33,500 nílẹ̀. Ìwé wọn kà pé 2,512. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó jókòó tì wọ́n ní 34,900, ìwé tiwọn kà pé 2,618. Ẹ bá mi ṣirò rẹ̀. Ti aláta jẹ́ 2,512 àti àádọ́ta kọ́bọ̀. Ti ẹlẹ́fọ̀ọ́ jẹ́ 2,617 àti àádọ́ta kọ́bọ̀. Àádọ́ta kọ́bọ̀ kan náà! Ti ẹlẹ́fọ̀ọ́ di náírà, ti aláta di òfo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Python á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tí ẹ bá ní kí round(), àṣẹ tó ń sọ nọ́ńbà di odidi, yọ ìdajì kúrò, kì í gbé e sókè nígbà gbogbo bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì tó súnmọ́ ọn ló ń lọ bá. Ẹ tẹ round(2.5), méjì lẹ máa rí. Ẹ tẹ round(3.5), mẹ́rin ni. Kì í ṣe àṣìṣe o, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ìṣirò tó pọ̀ má baà máa fì sí apá kan. Fún òjò àti ìgbì rédíò, òun gan-an ló dáa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò mọ ìṣirò. Mo mọ ìṣirò. Ọjà ni mi ò mọ̀.

Màmá aláta dìde. Wọn ò pariwo, wọ́n kàn gbé ìwé méjèèjì sókè, wọ́n ní, "Ẹ bá mi bi kọ̀ǹpútà yìí, ṣé ó ń mojú ni?"

Alága ní kí n bọ́ síwájú kí n ṣàlàyé. Mo gba makirofóònù. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣàlàyé! Bí ẹni tó wà níwájú àwọn ọmọ ọdún kejì. Mo ní tí nọ́ńbà bá wà láàárín géérégé, ó máa ń lọ sí ọ̀dọ̀ èyí tó ṣeé pín sí méjì. Màmá aláta wò mí. Wọ́n ní, "Ta ló ní kí wọ́n pín owó mi sí méjì?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, èyí tó burú jùyẹn lọ ò tíì dé.

Ìyá Àkápò ló dìde tẹ̀lé e. Ó ju ogún ọdún lọ tí wọ́n ti ń kọ léjà ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ti fi ọwọ́ ṣirò gbogbo rẹ̀ lóru, ti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, nínú ìwé eléwé ogójì kan tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti já. Wọ́n ka orúkọ àwọn tí náírà wọn dín, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù. Ẹni mọ́kàndínlógún. Náírà kọ̀ọ̀kan.

Náírà mọ́kàndínlógún! Kò ra súìtì. Orí mi gbóná, mo ṣí pọ́ọ̀sì, mo yọ ẹgbẹ̀rún náírà kan, mo gbé e sórí tábìlì, mo ní kí wọ́n fi san án fún gbogbo wọn kí wọ́n sì mú ṣéńjì.

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ó ti jẹ́wọ́!"

Ohun tí mò ń gbọ́ lóru títí di òní nìyẹn. Mo ti gba ìbéèrè níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọjọ́ ìdánwò PhD mi, ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Lọ́jọ́ náà, mi ò lè yọ wáyà kúrò lára láptọ́ọ̀pù mi, ọmọdékùnrin tó ń pín omi ló bá mi yọ ọ́. Owó náà wà lórí tábìlì títí wọ́n fi ṣe àdúrà ìparí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, èmi náà ò lè lọ mú un.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá alága fún owó iṣẹ́ mi. Ó ní, "Owó wo? Iṣẹ́ tó dójú tì wá láwùjọ?" Mo ní àdéhùn wa ńkọ́. Ó ní kí n mú ìwé àdéhùn wá. Mo wá inú WhatsApp títí, "Ẹ kú iṣẹ́ Dókítà" àti àwòrán òwúrọ̀ ayọ̀ olódòdó ni mo rí. Kò síbi tí a kọ iye kankan sí.

Àtúnṣe náà, mo ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ kan. Decimal, irinṣẹ́ ìṣirò mìíràn nínú Python, ni mo lò dípò round(), mo sì kọ ROUND_HALF_UP (pé kí ìdajì máa lọ sókè) sí i ní kedere, torí Decimal fúnra rẹ̀, tí ẹ ò bá sọ fún un, nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì yẹn náà ló ń wá. Ìyá Àkápò ló pè mí lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní ọmọ àbúrò wọn ní ilé ìtajà oògùn, ó ń wá ẹni tó máa ṣe irú nǹkan yìí. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ padà. Oníbàárà mẹ́ta ni mo ní báyìí, mo sì ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ wá ni èyí. Ẹ gba àsansílẹ̀. Ìdajì, kí ẹ tó ṣí láptọ́ọ̀pù. Ẹni tó bá ti sanwó lé iṣẹ́ yín lórí kò ní í máa fi ojú ọmọ ọ̀dọ̀ wò yín, yóò sì ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi àga àti kánópì kún un.

Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe sílẹ̀, ojú ìwé kan ti tó, kí ẹ kọ ohun tí ẹ ò ní í ṣe náà síbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ẹni tó fẹ́ yàn yín jẹ á yàn yín jẹ pẹ̀lú ìwé. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ gba àsansílẹ̀.

Ẹ jókòó ti ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà. Láti oṣù Ẹ̀bìbì ni Ìyá Àkápò ti ń sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, wá jókòó tì mí lọ́jọ́ kan kí o wo bí mo ṣe ń ṣe é." Mo ní mo ń bọ̀, mi ò lọ. Alága ni mo ń bá sọ̀rọ̀, torí mo rò pé òun ló ni iṣẹ́. Wákàtí kan péré lọ́dọ̀ màmá yẹn, ǹ bá ti rí i pé àádọ́ta kọ́bọ̀ di náírà nígbà gbogbo, láti ogún ọdún sẹ́yìn. Nílé ìtajà oògùn yìí, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó lẹ́yìn káńtà kí n tó kọ ìlà kan. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ fi hàn mí pé sáṣẹ́ẹ̀tì làwọn èèyàn ń rà, kì í ṣe páálí, pé ẹlòmíì tiẹ̀ ń ra hóró méjì. Ọ̀gá rẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ọ̀gá rẹ̀ ti san ìdajì ná, mo lè ráyè jókòó.

Ti orúkọ oyè yín, ẹ fi sílẹ̀ sílé, tàbí kí ẹ mú un dání, mi ò mọ èyí tó dáa jù. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Òun náà ni kò jẹ́ kí n lè la ẹnu béèrè owó mi.

Mi ò bú fásitì o. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ìṣòro kan fún oṣù mẹ́fà láìsá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní owó gbígbà níbẹ̀, olùkọ́ tí ìjọba jẹ ní gbèsè, kí ló máa fi kọ́ni?

Mo dáwọ́ owó server yẹn dúró lóṣù tó kọjá. Kí n tó pa á, mo kó gbogbo àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ sínú Excel, mo fi lé Ìyá Àkápò lọ́wọ́, èmi kì í ṣe olè. Lánàá, alága fi WhatsApp ránṣẹ́: "Dókítà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nǹkan yẹn ò ṣí mọ́ o. Ẹ bá wa wò ó, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

Mo kọ iye owó mi, mo kọ ìdajì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, mo fi nọ́ńbà àkáǹtì mi tẹ̀lé e. Àmì méjèèjì ti di búlúù láti aago mẹ́jọ alẹ́.