Ẹ bá mi dúpẹ́: bí ìyá ọkọ mi ṣe padà wálé

Ẹ yin Olúwa! Halelúyà!

Mo ti jẹ́ ẹ̀rí yìí nínú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún mi, kò sì tíì pé mẹ́ta tí adarí ìsìn ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ibi tó dùn ún gbọ́ ni mo sọ. Èyí tó kù, tí ojú ń tì mí láti sọ níwájú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tí mò ń kọ́, òun ni mo fẹ́ kọ síbí. Bí mo bá fi í pamọ́, àbọ̀ ìdúpẹ́ ni mo ṣe.

Aránṣọ ni mí ní Iléṣà. Yàrá iwájú ilé wa ni mo fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń wálé, ìyá rẹ̀ sì ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí Bàbá ti kú. Òṣómàáló ni Bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà, ẹ jẹ́ kí n là á yín lọ́yẹ: àwọn òṣómàáló a máa di aṣọ lẹ́rù lọ sí ìlú onílùú, wọn a tà á láwìn, tí ọjọ́ owó bá sì pé, wọn a padà wá gbà á. Bí oníbàárà bá ní kò tíì sí owó, wọn ò ní jà. Wọn a kàn lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn a ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Màmá bá ọkọ wọn kiri gbogbo Òkè-Ògùn nídìí òwò yìí, àwọn ẹbí sì máa ń sọ pé Màmá mọ gbèsè gbà ju Bàbá lọ.

Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀. Màmá á bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, wọ́n á tún bu òmíràn. Wọ́n á bi mí léèrè ibi tí Bàbá lọ, Bàbá tí a jọ sin. A ní ọjọ́ ogbó ni. Àfi ìgbà tó di pé, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Màmá á mú ìró wọn, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò, wọ́n á ní kó san owó aṣọ. Aládùúgbò àkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹnì kejì ò rẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ lóyún oṣù méje, ó ní kí ni ìyá arúgbó ń wá lẹ́nu ọ̀nà òun ní àṣálẹ́? Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo àdúgbò ti ń fi ìka tọ́ ilé wa. Ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ.

Láàárín ìyẹn ni aṣọ àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Èyí tó dùn mí jù ni léèsì obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, tó fẹ́ fi ṣe ìkórè. Mo wá a títí, mi ò rí i. Obìnrin náà ò gbà pé ó sọnù, ó ní mo ti tà á ni. Mo yá owó, mo san án, síbẹ̀ kò kí mi mọ́. A jọ ń gba oúnjẹ Olúwa lórí pẹpẹ kan náà, tí ó bá rí i pé èmi ló kàn án, á yí sí apá kejì.

Alẹ́ ọjọ́ kan la ń gbàdúrà, èmi àtàwọn ọmọ. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdánwò JAMB, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn. Mo ń pariwo pé kí Ọlọ́run tú àwọn ọmọ mi sílẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá so wọ́n mọ́. Màmá tó jókòó sórí àga, tí a rò pé wọ́n ti sùn, la ojú wọn, wọ́n sì sọ̀rọ̀ kedere bíi ti àtijọ́: "Ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn wà. Èmi ni mo dì wọ́n. Ẹni tí kò bá sanwó, mi ò ní tú ẹyọ kan sílẹ̀ fún un."

Ara mi bù máṣọ. Àwọn ọmọ ń wò mí.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ohun tí àdúgbò ń sọ, òótọ́ ni. Mo gun òkè àdúrà kan, wòlíì tí mo bá níbẹ̀ ní obìnrin àgbàlagbà kan tó ń jẹun nínú ilé mi ló di àwọn ọmọ mi lọ́wọ́. N ò ní purọ́ mọ́ ọn o: èmi náà ti mọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́ kí n tó gun òkè. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ọkọ mi bínú nígbà tó gbọ́. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé ilé tí wọ́n ti bí ìyá òun ni? Òótọ́ ni, ilé àdúrà ni wọ́n ti tọ́ Màmá. Ìyá tó bí wọn wà lára èrò tó rọ́ lọ sí Òkè-Oòye ní 1930, nígbà tí Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá dé Iléṣà, tí àwọn ènìyàn ń kó òrìṣà àti oògùn síta láti sun, tí wọ́n ń bu omi tí a gbàdúrà sí lọ sílé. Ọdún 1942 ni wọ́n bí Màmá, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yẹn, ẹ ó rò pé ojú wọn ló ṣe. Mo dá ọkọ mi lóhùn pé Júdásì náà bá Jésù jẹun. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí mi ò lè sọ lórí pẹpẹ. Ní òru ọjọ́ kọkànlá ààwẹ̀ náà, mo wà ní pálọ̀, mo ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀. Mo ń sọ pé ẹnikẹ́ni tó di àwọn ọmọ mi, kí ó kú. Kí ó sùn kó má jí. Mo gbọ́ ohùn Màmá láti inú yàrá wọn lókùnkùn, ohùn tí oorun wà nínú rẹ̀: "Àmín o, ìyàwó mi. Àmín." Wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn ṣe àmín sí àdúrà ẹlòmíràn, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe àmín sí. Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo tún tẹ̀síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni, mo tẹ̀síwájú.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìkórè, mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ìrọ̀lẹ́. Mo gbọ́ tí géètì dún. Géètì wa máa ń ké bí ọmọ ológbò, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣí i tí mi ò ní gbọ́. Mo mọ̀ pé Màmá ni, àwọn ọmọ ò sí nílé. Ẹsẹ̀ mi ò kúrò lórí ẹ̀rọ. Ohùn kan nínú mi ní, "Jẹ́ kí wọ́n máa lọ." Ẹ má bá mi sọ pé Èṣù ni. Ohùn tèmi ni, mo mọ ohùn mi.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tán ni ẹ̀rù wá bà mí. A wá Màmá dé Òkèsà, a wá wọn dé Ìsọ̀kùn, a yí ọjà Àtakúnmọ̀sà ká pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì láàárín àwọn ìsọ̀ tó ti di títì. A fi tó ọlọ́pàá létí, a kéde lórí rédíò. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ gbé ọ̀kadà, wọ́n pín ìgboro láàárín ara wọn. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Ọkọ mi wà lójú ọ̀nà láti Èkó, ó ń pè mí lórí fóònù ní gbogbo wákàtí, gbogbo ìgbà tó bá pè ló ń bi mí pé báwo ni Màmá ṣe jáde tí mi ò gbọ́. Mo ń sọ pé ẹ̀rọ ló ń pariwo.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ta ni mo rí tó ń sáré bọ̀ láìwọ bàtà? Obìnrin akọrin yẹn. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Wọ́n ti rí Màmá ní Òṣú, lójú ọ̀nà Ifẹ̀.

Títí di òní a ò mọ ẹni tó gbé Màmá dé Òṣú. Àlàájà kan tó ń ta gààrí ló fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó bá ìyá arúgbó kan tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ wọn tutù, wọ́n gbé ẹrù lé itan. Àlàájà kí wọn, wọ́n ní owó àwọn làwọn wá gbà. Ẹlòmíì ì bá pariwo, wọn ì bá ti sọ òkò. Àlàájà béèrè pé, "Ẹ má bínú, ìyá, èló ni mo jẹ yín?" Màmá ní ṣílè méjìlá. Ọdún 1973 la ti pa ṣílè tì, ṣùgbọ́n Àlàájà náà kì í ṣe ọmọdé. Ó wọlé, ó mú béébà ọgọ́rùn-ún náírà méjìlá jáde, ó kà á sí wọn lọ́wọ́. Màmá tún un kà, wọ́n so ó mọ́ etí ìró, wọ́n sì dìde. Wọ́n jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tí Àlàájà rà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ẹrù wọn, wọ́n ní kí ó wo ọjà, kí ó mú èyí tó bá wù ú, kó san án lóṣù tó ń bọ̀.

Aṣọ márùn-ún ló wà nínú ẹrù náà. Aṣọ àwọn oníbàárà mi ni. Mo máa ń fi abẹ́rẹ́ gún ìwé pélébé mọ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan, orúkọ, ìwọ̀n àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó ni ín. Léèsì yẹn ló wà lókè. Nọ́ńbà obìnrin akọrin ni Àlàájà pè.

Nígbà tí mo dé Òṣú, mo rí bí wọ́n ṣe ká aṣọ márààrún, etí kan etí, tí wọ́n fi okùn dì wọ́n ní ìdì tí èmi aránṣọ ò lè dì. "Ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn wà. Èmi ni mo dì wọ́n." Mo jókòó lórí àpò gààrí, mo bú sẹ́kún. Àlàájà rò pé ẹkún ayọ̀ ni, ó ń bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo jẹ́wọ́ fún ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ti géètì àti ti òru. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo tún lọ bá pásítọ̀ wa. Mo ti múra sílẹ̀ de ìwàásù, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí: "Kí ni dókítà sọ?" Ọdún mẹ́rin, mi ò tíì gbé Màmá dé ọ̀dọ̀ dókítà kankan nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Wesley Guild níbí la gbé wọn lọ, ilé ìwòsàn tí àwọn oníjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí pé àwọn àìsàn kan wà tó ń da iyè arúgbó rú tó sì ṣeé wò. Kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ọpọlọ sì ti ń gbó sódì. Dókítà ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ló kọ́kọ́ máa ń lọ, ti àtijọ́ ló máa ń pẹ́ níkùn, ìdí nìyẹn tí Màmá fi gbàgbé ikú Bàbá tí wọ́n sì rántí gbèsè Òkè-Ògùn. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń burú sí. Kò sí oògùn tó lè dá a padà. Ó ní kí a má máa bá wọn jiyàn. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń lo oògùn fún, omi tí pásítọ̀ bá gbàdúrà sí nìkan ni Màmá sì gbà láti fi gbé e mì. Ọmọ Òkè-Oòye ni wọ́n, ta ló fẹ́ bá wọn jà?

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: ìjọ wa mọ bí a ṣe ń bẹ arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn wò. Ti orí ni a ò mọ̀, kíá la máa fa wòlíì lé e lọ́wọ́. Ní báyìí, obìnrin mẹ́ta nínú Ẹgbẹ́ Ìyá ń pín ọ̀sẹ̀ ṣe láti jókòó ti Màmá kí n lè lọ sọ́jà. Obìnrin akọrin náà wà nínú wọn.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, Àlàájà wá láti Òṣú, ó jókòó níwájú pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀. Àwọn kan ń wojú ara wọn. Ìyẹn ò kàn mí. Pásítọ̀ ka Sáàmù 71, nígbà tí wọ́n dé ibi tí onísáàmù ti bẹ Ọlọ́run pé kó má ta òun nù nígbà ogbó, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wo gbogbo ìjọ, lẹ́yìn náà wọ́n kà á lọ. A jó dé iwájú. Bí wọ́n ṣe ní kí a kúnlẹ̀ fún àdúrà, Màmá lóṣòó síwájú pásítọ̀, wọ́n na ọwọ́, wọ́n ní owó aṣọ àwọn dà? Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n san án.

Nílé, lálaalẹ́ ni wọ́n ń wá gba tèmi. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á jáde láti yàrá wọn, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Béébà ọgọ́rùn-ún náírà méjìlá wà nínú agolo bọ́tìnnì mi fún iṣẹ́ yẹn. Mà á kúnlẹ̀, mà á kà á sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n á fi itọ́ tọ́ ìka, wọ́n á tún un kà, wọ́n á so ó mọ́ etí ìró, wọ́n á súre fún mi pé ọjà mi á tà. Láàárọ̀, tí mo bá ń wẹ̀ fún wọn, mà á tú u, mà á dá a padà sínú agolo.

Alẹ́ àná, wọ́n kà á tán, wọ́n wò mí, wọ́n ní ó ku ṣílè mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, kí wọ́n padà wá lọ́la. Wọ́n ní rárá, àwọn ò lọ síbì kankan. Mo bá pa ẹ̀rọ tì, mo lóṣòó tì wọ́n.