Ara ọmọ mi yá, mo bá dá oògùn rẹ̀ dúró

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyí, bí ṣíbí bá já bọ́ nílé mi, àyà mi ṣì máa ń já.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ SS, ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde, nílé, mi ò ní ṣàlàyé kíráísì, ìrora tó máa ń dé lójijì yẹn, fún yín. Ẹ mọ ẹkún òru. Ẹ mọ aboníkì àti omi gbígbóná. Ọ̀rọ̀ hydroxyurea ni mo bá wá, oògùn SS tí àwa ìyá ní kílíníìkì kàn ń pè ní kápúsù.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Àkànní ọmọ mi nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ eré tí ẹ̀jẹ̀ ń sá nínú ọpọlọ rẹ̀ wò. Wọ́n gbé nǹkan kan bíi máìkì kékeré lé e ní ẹ̀bátí, ó ń dún fùú, fùú. 178 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló gbé jáde. Dókítà ní bó bá ti dé 200, ewu rọpá-rọsẹ̀ ti wọlé nìyẹn, àti pé láti 170 lọ sókè, a ò gbọdọ̀ kawọ́ gbera. Wọ́n gbé ọmọ lé ìwọ̀n, wọ́n fi bó ṣe wúwo tó ṣírò kápúsù fún un.

Ọmọ tí kì í jẹ́ kí oṣù kan pé kó tó dá wa padà sí ilé ìwòsàn, kíráísì méjì péré ló ṣe ní ọdún kan ààbọ̀. Eré ẹ̀jẹ̀ yẹn wálẹ̀ sí 149. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ó ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìnkùlé wa ní Àpẹ́tẹ́, n'Ìbàdàn. Ibẹ̀ gan-an ni ìwà òmùgọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Owó kápúsù fò sókè. Aládùúgbò wa kan náà ní oògùn jẹjẹrẹ ni, pé kò ní jẹ́ kí ọmọkùnrin bímọ lọ́la. Kì í ṣe pé mo jókòó, mo sì pinnu pé mi ò ra oògùn mọ́ o. Páálí kan tán lọ́jọ́ Tọ́sìdé, mo ní tó bá di ìparí oṣù. Ìparí oṣù dé, owó ilé ìwé gbé e lọ. Bó ṣe di oṣù mẹ́rin nìyẹn. Fólíìkì tó wà fún ẹ̀jẹ̀ àti Paludrine tó ń dènà ibà kò sì bọ́ lọ́jọ́ kan, torí wọn ò wọ́n. Mo wá rí ohun tí mo fi ń tan ara mi jẹ: ṣebí ọmọ ń lo oògùn. Baba rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, awakọ̀ ni, èmi nìkan ni mo mọ̀.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ Túsìdé kan. Mo po ògì, mo ra àkàrà. Àkànní ti wọ aṣọ ilé ìwé tán, ó jókòó sórí àpótí. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú un, ó tún bọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ògì dà sórí ṣòkòtò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Mo ti pẹ́ níbi iṣẹ́ lánàá, mi ò fẹ́ pẹ́ mọ́. Mo gbá a lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an. Mo ní, "Ṣé eré lò ń ṣe ni?"

Ó gbójú sókè wò mí. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fẹ́ pe "Màámi", ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe gbé e dé títì. Mo sáà rántí pé ẹsẹ̀ mi kan ò ní bàtà, àti pé awakọ̀ Micra yẹn ní káwọn èrò tó kù sọ̀ kalẹ̀, kò sì gba owó mi, Ọlọ́run á san án fún un. Ilé ìwòsàn tá a kọ́kọ́ dé, wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Kejì ló gbà wá. Ọwọ́ ọ̀tún ọmọ mi ń fì bí ọwọ́ bèbí aláṣọ, mo dì í mú ṣinṣin bíi pé bí mo bá fi í sílẹ̀ á já bọ́.

Dókítà obìnrin kan bi mí pé, "Mọ́mì, ìgbà wo ló lo kápúsù gbẹ̀yìn?" Mo ní, "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mà." Irọ́ ni mo pa. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kápúsù máa ń mú kí horo ẹ̀jẹ̀ pupa tóbi sí i, pé ti Àkànní ti kéré padà, kò jọ ti ọmọ tó ń lò ó. Kò bú mi. Ì bá tún bú mi.

Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ jáde, wọ́n ń fa ti ẹlòmíì sí i. Ọjọ́ mọ́kànlá la lò níbẹ̀. Ó ti ń rìn báyìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti mọ́, ó ń mú ṣíbí, bọ́tìnnì ni kò tíì lè dè. A ń lọ gba ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù, a sì ti padà sórí kápúsù.

Ẹ̀kọ́ kìíní tí mo kọ́: ẹ má dá kápúsù dúró nítorí pé ara ọmọ yá. Kápúsù ló mú ara náà yá! Kò wo SS sàn o. Ẹ̀jẹ̀ irú èyí tọ́mọ ní nínú oyún ló ń mú pọ̀ padà, èyí tí kì í jẹ́ kí horo ẹ̀jẹ̀ tètè ká kò. Ó ń tó oṣù mélòó kan kó tó fìdí múlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró, á lọ, láìdágbére.

Ẹ̀kọ́ kejì, àbí ti àkọ́kọ́ náà ni: bí owó ò bá sí, ẹ sọ fún dókítà kó tó tán. Ojú ló tì mí. Ẹ má wá sọ pé mi ò fẹ́ràn ọmọ mi. Ẹni tó bá ń dá ra oògùn lọ́dún tó kọjá nìkan ló lè bá mi sọ̀rọ̀.

Òótọ́ ni pé wọ́n ń lò ó fún jẹjẹrẹ. Mo ti bi dókítà. Ó ní ó lè dín àtọ̀ ọkùnrin kù nígbà tó bá ń lò ó, a ó jọ máa sọ ọ́ bó ṣe ń dàgbà. Àmọ́ kó kọ́kọ́ dàgbà ná. Ó tún lè mú ẹ̀jẹ̀ funfun lọ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ dá a dúró díẹ̀ nítorí ìyẹn, ẹ dá a dúró. Aládùúgbò kì í ṣe dókítà. Ẹni tó lóyún kò gbọdọ̀ tú kápúsù sínú omi fún ọmọ. Ọmọ sì ń wúwo sí i, kí wọ́n máa tún un ṣírò. Ti Àkànní ti lọ sókè.

Tọ́mọ bá gbóná dé 38.5, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe àgbo. Èyí ẹ mọ̀ ọ́n.

Àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ wa pé bí ẹnu bá wọ́, tọ́wọ́ kan ò bá ṣeé gbé, ká máa sáré bọ̀. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Mo tún gbá ọwọ́ náà.

Kápúsù mọ́kàndínlógún ló kù nínú páálí bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán. Ọ̀la ni mò ń lọ ra òmíràn.