Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń jẹ òrùlé, òjò kàn ń wá sọ fún wa ni

Ọjọ́rú, ilẹ̀ ti ṣú.

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ l'Abuja báyìí, fóònù àwa wáyámàn kì í sinmi mọ́. Ẹnì kan á ní iná ń gbé àwọn táwọn bá fọwọ́ kan ògiri, ẹlòmíì á ní bírékà kọ̀ kò gbà káwọn gbé e sókè, ẹlòmíì á ní omi ti kún inú gúlóòbù pálọ̀ àwọn, ẹja nìkan ló kù tí ò sí níbẹ̀. Màá gbé àpò irinṣẹ́ mi, màá dé bẹ̀, màá gbójú sókè wo àjà, ọ̀rọ̀ á ti yé mi kí n tó tú ohunkóhun. Kafíńtà ló yẹ kí wọ́n ti pè tipẹ́, èmi kọ́.

Garki ni mo lọ lónìí. Bàbá kan báyìí, ọmọ Ọ̀fà, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ilé tí wọ́n ń gbé wà lára àwọn ilé ìjọba tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà fáwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé inú wọn lọ́dún 2005, ẹ ò lè jókòó tì wọ́n pẹ́ kí wọ́n má sọ ìtàn bí wọ́n ṣe wá owó ilé yẹn fún yín. Wọn ò pè mí torí òrùlé rárá o. Yúnìtì iná ni wọ́n ní ó ń tán lọ́nà tí ò yé àwọn, àwọn pa ẹ́síì, àwọn pa fíríìjì, síbẹ̀ owó ń lọ. Ẹ sì mọ̀ pé látìgbà tí wọ́n ti gbé owó iná Báńdì A, ìyẹn ti àwọn tí iná wọn máa ń pẹ́ jù lójúmọ́, kúrò ní náírà 68 lọ sí 225 fún yúnìtì kan lóṣù kẹrin ọdún 2024, kò sẹ́ni tí kì í yọjú sí mítà kó tó lọ sùn. Bàbá ti bá ọmọ ọ̀dọ̀ jà, wọ́n ti bá ayálégbé tó wà ní bọ́ìsì kọ́tà jà, wọ́n ní òun ló ń fa iná àwọn lóru. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, èmi ò dá sí i.

Mo ní kí wọ́n pa gbogbo nǹkan inú ilé, ká yọ púlọ́ọ̀gì gbogbo. Iná pupa ara mítà ṣì ń ṣẹ́jú. Mo wá ń sọ bírékà kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe sọ ti pálọ̀ báyìí ó dákẹ́, mo gbé e sókè padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tán, iná ń jò. Iná náà máa ń jò bí omi ṣe ń jò, tí omi bá ti ráyè wọ ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni iná á máa gba inú omi yẹn lọ sára ògiri, á gba ara ògiri wọlẹ̀ lọ, mítà ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ lò ó tàbí ògiri ló lò ó, gbogbo ẹ̀ ló máa kà mọ́ yín lọ́rùn.

Mo bá gun òkè àjà. Ẹ jẹ́ n sọ tinú mi nípa PVC, àjà oníke tí gbogbo èèyàn ń lẹ̀ báyìí. Àjà àtijọ́ yẹn, tí omi bá kán sí i, á pọ́n rúsúrúsú síbẹ̀, tí àlejò bá wọlé ojú á tì yín, ẹ ó wá nǹkan ṣe sí i nígbà tójú bá ń tì yín jù. PVC kì í pọ́n, kì í ṣe nǹkan kan, ńṣe ni omi á jókòó sórí ẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin á wà nísàlẹ̀ ẹ máa wo tẹlifíṣọ̀n. Mọ́mì, ìyàwó Bàbá, ló sọ fún mi pé ìgbà tí ìdána ọmọ àwọn obìnrin kù sí dẹ̀dẹ̀ làwọn ṣe é, kí àwọn àna má bàa rí ibi tó pọ́n. Owó tí wọ́n ná sórí PVC pálọ̀ yẹn ì bá pààrọ̀ páànù tó ń jò, ì bá ra ìṣó, ì bá san owó kafíńtà, ṣéńjì á tún kù. Mo mọ̀ pé àlejò kì í gun òrùlé lọ wò, ìyẹn ni wọ́n ṣe ṣe ibi tójú á rí. Ṣùgbọ́n ó dùn mí fún wọn.

Bí mo ṣe gbé ọ̀kan kúrò báyìí kí n lè fi tọ́ọ̀ṣì wo iwájú, gbogbo omi tó ti gbára jọ síbẹ̀ dà lé mi lórí, omi dúdú tó ti ń rùn. Mo dé ìdí jọ́ńṣọ̀n bọ́ọ̀sì, àpótí tí wọ́n ti so wáyà pọ̀, inú ẹ̀ rin gbindin, kọ́pà tó yẹ kó máa dán ti di aláwọ̀ ewé, téèpù tí wọ́n fi wé e ti bó sílẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ lé igi kan, ó ké, mo bá yára gbẹ́sẹ̀ kúrò, mo fi sukudiráfà mi tì í wò, ó wọlé bí ìgbà tí wọ́n ki ọ̀bẹ bọ iṣu tó jinná. Ikán ti la ọ̀nà alámọ̀ gba ara ògiri gòkè dé bẹ̀. Wéréwéré ni ikán ń jẹlé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ, àmọ́ omi ló ń sin ikán wọlé o, igi tó ti rin ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù lọ.

Bàbá ń pè mí látìsàlẹ̀. "Ẹnjiníà, kì í ṣe ọ̀hún ló ń jò o! Òkè yàrá Mọ́mì ló ń jò, a ti gbé báákẹ́ẹ̀tì síbẹ̀."

Báákẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ lóòótọ́, lórí àjà, wọ́n gbé e jókòó sáàárín igi méjì. Ó gbẹ táútáú.

Ohun tí mo rí nìyẹn tí ẹ̀rín fẹ́ pa mí tí àánú tún ń ṣe mí. Omi kì í kán síbi tó bá ti wọlé. Ibi tí ìṣó ti tú lórí páànù lọ́hùn-ún ló gbà wọlé, ó ń bá abẹ́ páànù bọ̀, ó ń bá ara igi bọ̀, nígbà tó pàdé páìpù wáyà, ó bá páìpù lọ tààrà sórí pálọ̀, láti ibẹ̀ ó sọ̀ kalẹ̀ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Bàbá tún ní kì í ṣe gbogbo òjò ló ń jò, ìyẹn làwọn ò ṣe kà á sí. Mo béèrè pé èwo ló wá ń jò, wọ́n ní àfi èyí tó bá ti apá Nyanya wá pẹ̀lú ìjì. Ẹ wò ó, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò níhìn-ín, ìlà-oòrùn tí Nyanya wà ló sábà máa ń gbà wá, afẹ́fẹ́ ẹ̀ á gbé omi gba abẹ́ páànù wọlé níbi tó bá ti ṣí sílẹ̀. Òjò oṣù kẹjọ tó ń rọ̀ wọ̀ọ̀ láìsí ìjì lè má jò rárá. Bí òrùlé ṣe ń tan èèyàn nìyẹn, ó jò lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ẹ ó ní ó ti san.

Bàbá wá ní òjò ọdún yìí ló le jù. Mo ní rárá sà, ẹ má bú òjò. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ l'Abuja, ekukáká ni ẹ̀kán omi kan máa fi kán sí yín lórí, ẹ ó gbàgbé pé ẹ ní òrùlé. Àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ni páànù ń jìyà. Ẹ fọwọ́ kan páànù lọ́sàn-án gangan nínú oṣù kẹta kẹ́ ẹ wò ó, á bó yín lọ́wọ́. Á nà lọ́sàn-án, tí òtútù ọyẹ́ bá dé lóru á sún kì, ọ̀la á tún nà, báyẹn báyẹn ni ìṣó á ṣe máa yọ díẹ̀díẹ̀, rọ́bà tó wà lábẹ́ orí ìṣó á gbẹ á sì là, ihò á máa fẹ̀ sí i, eruku ọyẹ́ àti ewé á di gọ́tà pa, gbogbo ẹ̀ láìsí ariwo. Ọjọ́ tí ìjì oṣù kẹrin bá wá dé, ohun tó ti tú sílẹ̀ ló bá. Òjò kàn wá jíṣẹ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn ti ṣe parí ni. Níbàdàn lọ́dọ̀ ìyá mi, ẹ̀ẹ̀rùn ò gùn tó báyìí, òjò kan lè ṣàdédé rọ̀ nínú oṣù kejì kó rán yín létí gbèsè yín, níhìn-ín kò sóhun tó máa rán yín létí.

Nígbà tí mo wà ní Zaria, mo rí ilé amọ̀ àwọn Hausa àtijọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń tún ara ilé àti orí ẹ̀ rẹ́, kí òjò tó dé, wọ́n mọ̀ pé tí wọn ò bá ṣe é òjò á wó o lé wọn lórí. Amọ̀ ò fún ẹnikẹ́ni láyè àti gbàgbé. Páànù ló fún wa láyè, ọdún pọ̀ tó máa fi rọra bàjẹ́, òun la ṣe rò pé kì í bàjẹ́.

Mọ́mì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n bu omi fún mi kí n fi fọ orí. Wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn ò mọ̀. Ọdún tó kọ́kọ́ jò, owó ilé ìwé àbíkẹ́yìn ló wà nílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìdána. Lẹ́yìn ìyẹn ni náírà já lulẹ̀ nínú ọdún 2023, Bàbá lọ béèrè owó páànù ní ọjà Dei-Dei, wọ́n padà dé, wọn ò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Látìgbà yẹn, fònídónìí fọ̀ladọ́la. Ọ̀rọ̀ wọn yé mi, owó ìfẹ̀yìntì ò tó ra ìrẹsì, àfi kéèyàn má purọ́. Àmọ́ Mọ́mì fúnra wọn ló ṣí wọ́dúróòbù hàn mí. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti hu èbu dúdú, yàrá yẹn sì ni ọmọ-ọmọ wọn tó ní ásímà ń sùn tó bá wá lo họ́lídè, wọ́n ní ikọ́ ẹ̀ kì í lọ níbí, tó bá padà sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ní Lugbe á lọ. Àwọn fọ́tò Bàbá wà lókè wọ́dúróòbù náà, àwọn tí wọ́n yà lóṣù kejìlá ọdún 1991 nígbà tí wọ́n gbé olú-ìlú wá síbí láti Èkó, Bàbá wọ kóòtù, irun wọn ṣì dúdú. Fọ́tò ti lẹ̀ mọ́ra wọn. A gbìyànjú àti yà wọ́n, ojú èèyàn bá ń ṣí kúrò lára pépà. Mọ́mì ní kí n fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé sólà o, mo ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú yín, iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Sólà wà lórí ilé yìí. Ẹni tó gbé e rìn lórí àárín páànù, kò rìn lórí ibi tí igi wà lábẹ́ ẹ̀, ibi tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn lomi ń dúró sí. Ó tún lu ihò kan, ó rí i pé kò bọ́ sórí igi, ó lu òmíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ láìdí. Ihò tí ẹ bá lù tẹ́ ò lò, ẹ fi nǹkan dí i, kí ló le níbẹ̀?

Aládùúgbò kan gbọ́ ohùn wa, òun náà ní kí n bá òun wo tòun. Asbestos àtijọ́ ló wà lórí tiẹ̀, ó là, ó fẹ́ káwọn ọmọ gun òkè lọ fọ́ ọ dànù lópin ọ̀sẹ̀. Mo ní kò gbọdọ̀ dán an wò, eruku asbestos kì í ṣe eruku lásán, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ jókòó sí, ó sì ń fa jẹjẹrẹ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ ló máa pè, wọ́n á fomi rin ín, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ lódidi láì fọ́ ọ.

Iṣẹ́ tèmi, mo ti já iná pálọ̀ sọ́tọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé bírékà yẹn sókè, mo fi téèpù pupa lé e lórí, mo tún kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí mo mọ Bàbá. Wáyà tuntun láti jọ́ńṣọ̀n dé sọ́kẹ́ẹ̀tì ni, páìpù náà máa kúrò. Mo pe kafíńtà ọmọ Ìgbìrà kan tá a jọ máa ń ṣiṣẹ́, ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní igi tó ti jẹrà kọjá ohun téèyàn lè máa lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ ṣí ni. Àmọ́ òun ò lè ṣí odindi ẹ̀gbẹ́ òrùlé kan báyìí tí òjò lè dé nígbàkígbà, pákó tí wọ́n bá sì rà nínú òjò kì í gbẹ dáadáa, tó bá dórí ilé tán á lọ́, á tún fa ìṣó tú. Ó máa pààrọ̀ páànù tó burú jù, á fi ọ̀dà dí ihò, á ta tàpólì bò ó, wọ́n á sì fi í lo òjò ọdún yìí. Gbogbo iṣẹ́ gan-an dìgbà tí òjò bá dá.

Òun gan-an ló wá di ìjà. Mo ní kí Mọ́mì jẹ́ kí ẹnì kan bá wọn fi sórí kàlẹ́ńdà fóònù, nítorí tí ojú ọ̀run bá ti mọ́, kò sẹ́ni tó máa rántí. Bàbá ní oṣù kẹwàá ni kí wọ́n fi sí. Mọ́mì ní òjò ṣì ń rọ̀ lóṣù kẹwàá, oṣù kọkànlá. Bàbá ní oṣù kọkànlá làwọn ń lọ sí Ọ̀fà fún ìgbéyàwó kan, Mọ́mì ní òrùlé ò bá wọn lọ sí Ọ̀fà, kafíńtà á ṣe é lẹ́yìn wọn. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo kí wọn, mo rọra béèrè bàálánsì mi.

Bàbá ní kí n ní sùúrù di ọjọ́ Ẹtì.