Eku Tí Kò Wọ Ìbọ̀wọ́

Ẹ má pè mí ní Ìyá Káàdì mọ́ o. Ẹni tó bá tún pè mí bẹ́ẹ̀, n ò ní dáhùn.

Ẹ rántí oníbàárà mi tó ní kí n ṣe káàdì fún ọmọ òun tó fẹ́ pé ọdún márùn-ún, ní oṣù kẹta ọdún 2024? Eku elétí ńlá inú kátúùnù yẹn, Mickey Mouse, ló fẹ́, kí orúkọ ọmọ wà láàárín etí méjèèjì. Mo ti gba owó, mo ti fi ra gílítà, kí n tó ṣèèṣì sọ ọ́ fún Bọ̀dá Lọ́yà tó ń gbé òkè wa. Wọ́n gbé búrẹ́dì ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo ni eku?"

Mo ní èmi kọ́, àmọ́ ọwọ́ ara mi ni mo máa fi yà á.

"Tí o bá fi ọwọ́ ara rẹ mú adìẹ aládìẹ, ṣé ó ti di tìẹ nìyẹn?"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin kọpiráìtì Nàìjíríà tọdún 2022 sí mi létí bí ẹni ń ka ìkéde ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì: pé oníṣẹ́ ló ni iṣẹ́ rẹ̀ títí tó fi máa kú, àwọn ajogún rẹ̀ á sì tún jẹ ẹ́ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Mo ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà péré ni mo tà á. Wọ́n ní olè tó ta ewúrẹ́ ẹlẹ́ran ní gbàǹjo, ṣé wọ́n á ní kó máa lọ nítorí pé kò tà á wọ́n?

Èmi ọlọ́gbọ́n wá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lóru. Mo rí i pé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n ti tú eku náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, pé ẹnikẹ́ni lè yà á láìtọrọ àṣẹ! Mo pariwo ní agogo méjì òru. Ọkọ mi (ẹ fojú sí àmì ohùn yẹn, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀) ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó tó mọ̀ pé adigunjalè kọ́.

Ohun tí n ò kà délẹ̀ ni pé eku ti ọdún 1928 nìkan ni wọ́n tú sílẹ̀. Dúdú àti funfun ni. Ojú rẹ̀ dà bí èso ìṣin. Kò wọ ìbọ̀wọ́, nítorí ọdún 1929 ni wọ́n tó wọ̀ ọ́ fún un. Èmi tí mo fẹ́ tẹ̀ lé òfin, mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo pa àwọ̀ pupa ṣòkòtò rẹ́. Mo wá rí i pé káàdì ti gbẹ jù, ni mo bá fi òwú dúdú tí wọ́n fi ń kó irun ṣe ìrù fún un, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ìrù gidi. Ó gùn débi pé ó yọ jáde látinú àpòòwé.

Màmá àgbà ló gba àpòòwé náà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n rí ìrù.

Ìyá ọmọ fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Mo ti wò ó tó ìgbà mọ́kànlá. Màmá ń pariwo ọ̀tapíàpíà, àǹtí kan ń fi sílípáàsì lu káàdì mi mọ́lẹ̀, ọmọ ọlọ́jọ́ ìbí ń ké bí ẹni tí wọ́n fún lábẹ́rẹ́. Lábẹ́ fídíò, ìyá ọmọ kọ ọ́ pé: "Àǹtí, ṣé owó ìbọ̀wọ́ ló kù tí n ò san ni?"

Mo sáré lọ bá Bọ̀dá Lọ́yà. Wọ́n ní, "Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tú u sílẹ̀. Ìbàdàn ni ìwọ wà." Ní January 2025, wọ́n wá tú eku oníbọ̀wọ́ náà sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ti sunkún tán nígbà yẹn.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ni mo ń kọ sórí káàdì. Ẹ mọ èyí tó tà jù, ti àwọn ìyàwó: "Ọkọ́ mi àtàtà, láìsí ìwọ, ebi ì bá ti pa mí. Bí mo bá ti dì ọ́ mú, ọkàn mi á balẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ́. Èyí tí wọ́n fi ń kọ ebè. Èmi tí mo máa ń bá yín jà lórí àmì ohùn nínú WhatsApp! Ogójì ni mo ti tà kí ẹnì kan tó ta mí lólobó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo dé Dùgbẹ̀, mo rí káàdì mi lórí àtẹ, ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Olè aláìnítìjú! Ọkọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì òkè rẹ̀, ó dúró ṣánṣán. Mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á pé ta ló kọ ọ́. Ó ní òun ò mọ̀, àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ogún.

Bọ̀dá Lọ́yà gbọ́, inú wọn dùn ju tèmi lọ. Wọ́n ní ẹjọ́ ti dé. Wọ́n ní láti ìgbà tí mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ ló ti di tèmi, kò dìgbà tí mo bá lọ forúkọ sílẹ̀, àti pé ẹni tó bá da àṣìṣe èèyàn kọ ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. "Ohun tó kù ò ju pé kí o dúró níwájú adájọ́, kí o ka gbólóhùn yẹn sókè bí o ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí o sì búra pé ìwọ lo kọ ọ́."

Mo padà sí Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo ra gbogbo èyí tó kù lórí àtẹ. Ọmọkùnrin náà fún mi ní ọ̀kan ṣe èènì.